Ta ló ni Northampton? Ìdáhùn lórí méyọ̀, kánsù àti káńtì

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ọdún mẹ́ta rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ń gbé Northampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ West Northamptonshire Council ni ìwé owó kánsù (council tax) wa ti ń wá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pè wá síbi ayẹyẹ kan nínú Guildhall, ilé ìlú, méyọ̀ (mayor) ìlú ló wọlé tòun ti ẹ̀wọ̀n oyè lọ́rùn, wọ́n sì ní abẹ́ Northampton Town Council ló wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ níbí tún máa ń sọ̀rọ̀ Northamptonshire County Council, pé gbèsè ló pa á. Ta ló ni ìlú yìí gan-an? Ṣé bí ọba tiwa ni méyọ̀ yìí rí, àbí oyè òfìfo ni? Bí mo bá sì fẹ́ kí wọ́n dí kòtò tó wà níwájú ilé wa, ta ni kí n kọ̀wé sí?"

Ìdáhùn: Ìbéèrè mẹ́ta lẹ dì pọ̀ yìí, n ó sì fi ti kòtò ṣe ìkẹyìn, torí òun nìkan ni ìdáhùn rẹ̀ kò gùn.

Ohun tó ń rú yín lójú kì í ṣe ti òde òní. Ó ti lé ní 800 ọdún tí ìjọba méjì ti ń gbé inú Northampton pọ̀. Ọ̀kan ni ìjọba ìlú fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn ará ìlú fi owó rà lọ́wọ́ ọba; ìkejì ni ìjọba káńtì, èyí tó kàn fi ìlú náà ṣe ibùjókòó. Káńtì ni ẹkùn ilẹ̀ gbígbòòrò tí ìlú ńlá, ìletò àti oko wà nínú rẹ̀, olú-ìlú káńtì sì ni ibi tí ilé-ẹjọ́ rẹ̀, túbú rẹ̀ àti àwọn aláṣẹ rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Àlejò ni káńtì jẹ́ nínú Northampton, ṣùgbọ́n àlejò tí apá onílé kì í sábà ká ni. Bí ẹ bá ti di èyí mú, ìyókù kò ní ṣòro.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí odi. Ní nǹkan bí ọdún 1084, lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Simon de Senlis, tó jẹ oyè Earl Northampton, kọ́ ilé olódi kan sí apá ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, lẹ́bàá odò. Nígbà tó yá, ilé olódi yìí bọ́ sọ́wọ́ ọba, ibẹ̀ sì ni Ṣẹ́ríìfù káńtì ti ń pàṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Ṣẹ́ríìfù ayé ọjọ́un jẹ́, kó rántí àwọn àjẹ́lẹ̀ tí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn máa ń fi sí ìlú tó wà lábẹ́ wọn: ojú ọba ni, etí ọba ni, òun náà ló sì ń gba owó. Gbogbo ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kí ìlú san, owó ọjà, owó ibodè àti owó ìtanràn, ọwọ́ Ṣẹ́ríìfù ló ń gbà kọjá kó tó dé àpò ọba, ẹ sì mọ bí owó ṣe máa ń rí bó bá gba ọwọ́ àjẹ́lẹ̀ kọjá.

Bí àwọn oníṣòwò Northampton yóò ṣe máa bá ọba lò láìsí Ṣẹ́ríìfù láàárín ni wọ́n ń wá, àǹfààní rẹ̀ sì yọ ní 1189. Ọba Richard Kìíní ń múra àtilọ jagun nílẹ̀ Jerúsálẹ́mù, owó ogun ló sì ń wá kiri, débi pé kò sí ohun tí kò ṣe é tà. Ó fún ìlú náà ní ìwé àṣẹ pé kí wọ́n máa yan aṣíwájú tiwọn, kí wọ́n máa dá ẹjọ́ ara wọn láàárín ìlú, kí wọ́n sì máa san £120 lọ́dún sí àpò ọba tààrà. Àwọn òpìtàn máa ń pe èyí ní òmìnira. Èmi gbà pé òmìnira ni, ṣùgbọ́n òmìnira tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún ni, ọjọ́ tí owó bá sì wọ́n, ọba lè gba ìlú padà sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1215, oṣù mélòó kan kí Ọba John tó fi èdìdì lu ìwé Magna Carta, ó kọ̀wé sí àwọn ará Northampton pé òun ti gba William Tilly ní méyọ̀ wọn, ó sì ní kí wọ́n yan ọkùnrin 12 nínú àwọn tó ní láárí tí wọ́n sì lóye jù nínú ìlú, kí wọ́n máa bá a ṣe àkóso. Ibẹ̀ ni oyè tí ẹ rí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ nínú Guildhall ti ṣẹ̀ wá. Ìlú díẹ̀ ló ti ní méyọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, ohun tí ọba bá fẹ́ ṣe ló ń ṣe nínú ilé olódi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe Thomas Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, lẹ́jọ́ ní oṣù kẹwàá 1164, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lóru. Northampton náà ni Pálíámẹ́ntì ti jókòó ní 1380 tí wọ́n fi bu owó orí tó fa ọ̀tẹ̀ ńlá ọdún 1381 lé àwọn ènìyàn lórí. Yunifásítì pàápàá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1261, àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbè sẹ́yìn àwọn ọlọ̀tẹ̀ nígbà tí Ọba Henry Kẹta kógun wá sí ìlú ní 1264, ọba sì ti yunifásítì náà pa ní 1265. Gbogbo ìwọ̀nyí gbé orúkọ ìlú ga, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọba ni wọ́n, kì í ṣe ti méyọ̀.

Ohun tó kan méyọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàn án. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Giles ni àwọn ará ìlú ti máa ń péjọ láti yàn án, gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú ló sì ń dá sí i. Ní 1489, Pálíámẹ́ntì ṣe òfin fún Northampton àti Leicester, wọ́n ní irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀ ń dá rúgúdù sílẹ̀. Láti ìgbà náà, méyọ̀ àti àwọn tó ti jẹ oyè náà rí ni yóò yan ọkùnrin 48, àwọn wọ̀nyẹn ni yóò sì máa bá wọn yan àwọn olóyè ìlú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ wo òfin yìí dáadáa: méyọ̀ ló ń yan àwọn tí yóò yan méyọ̀. Mo gbà pé ariwo wà nínú St Giles, àmọ́ ohun tó dun àwọn olówó ìlú ju ariwo lọ ni pé ohùn aránbàtà àti ohùn wọn dọ́gba níbẹ̀. Bí agbo àwọn díẹ̀ ṣe ń di oyè ìlú mú láàárín ara wọn nìyẹn fún nǹkan bí 350 ọdún.

Mo dárúkọ aránbàtà, ẹ má sì rò pé àwàdà ni. Bàtà ni iṣẹ́ Northampton. Ní 1642, nígbà tí ìjà ọba àti Pálíámẹ́ntì fẹ́ bẹ́, àwọn aránbàtà ìlú náà gba iṣẹ́ bàtà 4,000 ẹsẹ̀ méjì-méjì àti bàtà gígùn 600 fún àwọn ọmọ ogun. Ti Pálíámẹ́ntì ni ìlú náà ṣe jálẹ̀ ogun. Nígbà tí ìdílé ọba padà sórí ìtẹ́, Charles Kejì kò gbàgbé: ní 1662 ó pàṣẹ pé kí wọ́n wó odi ìlú, kí wọ́n sì ba ilé olódi jẹ́, kí ọlọ̀tẹ̀ má baà rí ibi sá pamọ́ sí mọ́. Ìyókù rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tẹ́ pẹrẹsẹ ní nǹkan bí 1879 láti fi ṣe ibùdókọ̀. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láti London, ilẹ̀ ilé olódi lẹ dúró lé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn odi kékeré kan tí wọ́n tún tò sínú ògiri lẹ́bàá ibùdókọ̀ náà nìkan ni ojú lè rí tó ṣẹ́kù.

Lẹ́yìn ọdún 13 tí ọba wó odi, iná sọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án 1675, iná ìdáná ràn mọ́ ilé kan tí wọ́n fi koríko ṣe òrùlé rẹ̀ nítòsí ilé olódi, ìjì láti ìwọ̀-oòrùn sì ń gbé e lọ sí àárín ìlú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, nǹkan bí 600 ilé ti jóná, ìyẹn èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì All Saints sì wà lára wọn. Ọba tó wó odi wọn yìí kan náà ló fún wọn ní 1,000 tọ́ọ̀nù igi látinú igbó ọba láti fi tún ṣọ́ọ̀ṣì kọ́, ó sì fi owó orí ààrò jì wọ́n fún ọdún méje. Bí ẹ bá dé iwájú All Saints, ẹ gbójú sókè: ère Charles Kejì ló wà lókè ẹnu ọ̀nà yẹn, ó wọ aṣọ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ó sì dé irun àtọwọ́dá tí àwọn ọkùnrin ìgbà tirẹ̀ máa ń dé. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, wọ́n máa ń fi ewé igi oaku ṣe òdòdó sára rẹ̀. Inú ìwé nìkan ni mo ti rí i tí ẹnikẹ́ni ń rántí 1662.

Káńtì kò dúró de ìlú kó tó kọ́ tirẹ̀. Láàárín 1676 sí 1678, nígbà tí ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń tún ilé wọn kọ́, wọ́n parí Sessions House, ilé-ẹjọ́ káńtì, ní George Row, nítòsí All Saints. Ọ̀kan ni nínú ilé tó rẹwà jù ní Northampton títí dòní. Ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ẹfun mọ sí àjà rẹ̀ ní ojú èṣù kan nínú, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé ahọ́n náà máa ń mì bí ẹlẹ́rìí bá ti purọ́. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń gbé dúró lábẹ́ ahọ́n yẹn, tó jẹ́ àgbẹ̀ láti ìletò kan tí kò wọ ilé olókè rí, tó gbójú sókè nígbà tí adájọ́ ní kó búra. Ibẹ̀ ni àwọn adájọ́ ọba tó ń rìn láti káńtì dé káńtì ti ń jókòó títí di 1971. Ibẹ̀ náà ni àwọn adájọ́ àlàáfíà ti ń pàdé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, àwọn onílẹ̀ ńláńlá tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn, tí kì í ṣe ẹjọ́ nìkan ni wọ́n ń dá: afárá, túbú àti owó orí káńtì wà níkàáwọ́ wọn. Bí olówó ṣe di ìlú mú ni onílẹ̀ di káńtì mú.

Ìlú ló kọ́kọ́ bọ́. Òfin ọdún 1835 fọ́ ìgbìmọ̀ àyànṣe wọ̀nyẹn ká jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àwọn tó ń san owó orí ilé ni yóò máa dìbò yan kánsẹ́lọ̀, àwọn kánsẹ́lọ̀ ni yóò sì máa yan méyọ̀. Nígbà tí owó iṣẹ́ bàtà mú kí ìlú gbòòrò, kánsù ní ilé ìlú àtijọ́ ti kéré jù, wọ́n pe àwọn ayàwòrán ilé síta láti díje. Edward William Godwin, tí kò tíì pé ọmọ 30 ọdún, ló borí. Guildhall tó yà láwòrán parí ní 1864, òun náà sì ni ẹ wọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ yẹn. Nígbà mìíràn tí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ má sáré wọlé. Àwọn ọba tí wọ́n gbẹ́ lère wà láàárín àwọn fèrèsé, bí ẹ bá sì wo orí òpó, ẹ ó rí àwọn tó ń ran bàtà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Ní St Giles, àwọn aránbàtà pàdánù ìbò wọn. Ní Guildhall, wọ́n gbé wọn lé orí òpó.

Káńtì dúró di òfin 1888 kó tó ní kánsù tí wọ́n dìbò yàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Bí Northamptonshire County Council ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1889 ni Northampton di ohun tí wọ́n ń pè ní county borough, ìyẹn ìlú tí kánsù rẹ̀ ń dá ṣe gbogbo iṣẹ́ káńtì fúnra rẹ̀: ilé-ìwé, títì, ìtọ́jú aláìní. Káńtì kò láṣẹ kankan lórí ìlú tó fi ṣe olú-ìlú rẹ̀, ó kàn ní ilé síbẹ̀ ni, ní George Row, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí Guildhall. Ọdún 85 ni wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìgbà yẹn nìkan ni ìlú náà fi jẹ́ ti ara rẹ̀ pátápátá.

Ní 1974 ó parí. Àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ gba ilé-ìwé, títì ńlá àti ìtọ́jú àgbàlagbà lọ́wọ́ ìlú, ó kó wọn fún káńtì. Ilé gbígbé, ìdọ̀tí kíkó, ọgbà ìtura àti musíọ́mù ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ Northampton Borough Council. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín sì bẹ̀rẹ̀ láti ibí. Fún ọdún bíi mélòó kan, àwọn olóṣèlú káńtì kọ̀ láti fi kún owó kánsù, nígbà tí owó ìtọ́jú àgbàlagbà àti ọmọdé ń ga sí i lójoojúmọ́. Ní 2017 wọ́n kó sí ọ́fíìsì tuntun kan, One Angel Square, tí wọ́n ná £53 mílíọ̀nù lé lórí. Ní oṣù kejì 2018, kò tíì tó oṣù mẹ́fà tí wọ́n kó débẹ̀, olórí ìṣúnná kánsù náà fi ìwé abala 114 síta, èyí tó túmọ̀ sí pé owó tó wà nílẹ̀ kò lè gbé ìnáwó ọdún náà, kí wọ́n má sì ná kọ́bọ̀ sí ohun tí òfin kò fi dandan mú. Ó ti tó ọdún 18 tí kánsù kankan ti ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún gbé òmíràn jáde ní oṣù keje ọdún náà, wọ́n sì ta One Angel Square láti máa yá a gbé padà.

Ẹni tí ìjọba rán wá yẹ ìwé wọn wò kò gbà pé kánsù náà ṣe é tún ṣe. Ó ní kí wọ́n tú u ká, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Níbi yìí ni onílé ti jẹ nínú ìyà àlejò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tú káńtì ká ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2021, wọ́n tú kánsù ìlú méje tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì fi méjì rọ́pò gbogbo wọn: North Northamptonshire Council, tó mú Kettering, Corby, Wellingborough àti àyíká wọn, àti West Northamptonshire Council, tó so Northampton mọ́ Daventry àti ìgbèríko gúúsù. Kí n má purọ́, ẹni mímọ́ kọ́ ni Northampton Borough Council fúnra rẹ̀. Ó yá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú ní £10.25 mílíọ̀nù, owó náà sì wọmi. Ní 2014 ó ta ère Sekhemka, ère Íjíbítì àtijọ́ tó wà ní musíọ́mù ìlú, ní iye tó ju £15 mílíọ̀nù lọ, èyí sì mú kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ musíọ́mù náà. Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀nyí ló pa á. Gbèsè káńtì ló pa á.

Ó wá ku ìbéèrè kan: bí kánsù ìlú bá kú, ta ni yóò gba oyè tó ti wà láti 1215? Bí wọn kò bá rí ibi fi sí, àwọn olùtọ́jú ìwé àṣẹ (charter trustees) lásán, tí kò ní iṣẹ́ kánsù kankan, ni yóò máa dì í mú. Láti yẹra fún èyí ni wọ́n fi dá Northampton Town Council sílẹ̀. Nínú òfin, kánsù páríìṣì ni, irú èyí tí ìletò kékeré ń ní, àmọ́ kò sí páríìṣì tó pọ̀ ní ènìyàn tó o nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti 1894. Ó ń bójú tó ilẹ̀ ọ̀gbìn kéékèèké tí ará ìlú ń gbà dáko, ó ń ṣe ayẹyẹ ìlú, ó ń fi owó díẹ̀ ran àwọn ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń sọ èrò rẹ̀ lórí ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́, láìsí àṣẹ àtipinnu.

Nítorí náà, méyọ̀ tí ẹ rí kì í ṣe ọba. Kì í ṣe oyè ìdílé, kò sí ọmọ oyè, àwọn kánsẹ́lọ̀ ló ń yàn án fún ọdún kan nínú ara wọn, kò sì sí ilẹ̀ kankan níkàáwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní òfìfo, torí òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú ohun tí ìlú rà lọ́wọ́ ọba. Káńtì náà kò kú tán: kò ní kánsù mọ́, àmọ́ Northamptonshire ṣì ní Ṣẹ́ríìfù Àgbà tí ọba ń yàn lọ́dọọdún, tí kì í gba owó oṣù, tí kì í sì í gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ mú ìwé owó kánsù yín jáde, ẹ wo ìlà tó wà nínú rẹ̀. West Northamptonshire ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ìpín wà fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá àti panápaná, èyí tó kéré jù sì ni ti Town Council, àyàfi bó bá jẹ́ àdúgbò bíi Duston, Billing tàbí Kingsthorpe lẹ ń gbé, torí irú àwọn àdúgbò wọ̀nyẹn ní kánsù páríìṣì tiwọn, orúkọ wọn lẹ ó sì bá níbẹ̀.

Ti kòtò, ẹ má kọ̀wé sí méyọ̀. Títì àdúgbò jẹ́ ti West Northamptonshire Council, orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn sì ni wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn. Ẹ kọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé tó kọjú sí kòtò náà, ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ sì tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n bá fún yín. Bí kòtò náà bá ti ba táyà yín jẹ́, nọ́ńbà yẹn àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi yín.